Okùn Ìwọ̀ Tó Wà Nínú Àpò Bàbá Mi

Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ọ̀bà-Ilé létí Àkúrẹ́, níbi tí a ti ń ṣe fèrèsé alumíníọ́mù, bí a bá ti di ẹrù mọ́ ọkọ̀ tán, a máa ń fi iná jó ẹnu okùn ọ̀rá kí ó má baà tú. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ kò pọ̀, ó dúdú díẹ̀, ó sì máa ń ta séèyàn nímú bí ìgbà tí irun bá jó. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í kà á sí. Èmi ni ó máa ń gbé kúrò ní Àkúrẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí yóò gbé mi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi nílùú Oǹdó. Òórùn yẹn gan-an ló máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, bí bàbá bá jókòó sórí àpótí, tí ó ń so ìwọ̀ mọ́ okùn, tí ó sì ń fi ẹnu sìgá rẹ̀ kan ìdí kókó náà kí ó lè dì.

Kì í ṣe pé bàbá mi jẹ́ apẹja o. Apẹja wo ni yóò fi Oǹdó ṣe ibùjókòó? Awakọ̀ agbégilódò ni. Ìtì igi ló máa ń kó láti inú igbó wa lọ sí etí omi lápá Ìgbókòdá, níbi tí wọ́n ti ń já a sínú omi tí wọn yóò sì wọ́ ọ lọ. Àwọn tó ń já igi kì í kánjú, o mọ̀ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí. Awakọ̀ á jókòó dè wọ́n títí, á sùn, á jí, á tún sùn. Níbi tí bàbá ti ń dúró bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti kọ́ ọ ní ìwọ̀ jíjù. Ó máa ń bá wọn gun ọkọ̀ lọ sí abúlé kan níwájú, níbi tí omi iyọ̀ ti ń wọlé, tí wọ́n kan pákó gígùn kan jáde sójú omi, kí ọkọ̀ lè rí ibi gúnlẹ̀ sí. Orí pákó yẹn ló ti ń mú ẹja pupa tí àwọn òyìnbó ń pè ní sínápà. Bí a bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì agbégilódò náà ní ìkóríta wa, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á ti sáré jáde. A kì í wo ojú bàbá, ọwọ́ rẹ̀ la máa ń wò.

Ọjọ́ ti lọ lórí gbogbo ìyẹn. Bàbá fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Dókítà sọ fún wa pé èyí tó ti lọ nínú ojú náà kò ní padà mọ́, pé oògùn tí òun fún un kàn lè bá a di èyí tó kù mú fúngbà díẹ̀ ni. Àkúrẹ́ ni mo wà ní gbogbo àsìkò yẹn. Kì í ṣe ọ̀nà tó jìn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, èèyàn lè jẹun àárọ̀ ní Ọ̀bà-Ilé kó sì jẹ tọ̀sán ní Oǹdó. Síbẹ̀ mi ò kì í lọ déédéé. Mo máa ń fi nǹkan ránṣẹ́: rédíò, bàtà, fáànù tó ń lo bátìrì. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ránṣọ tó sì ń gbé lọ́dọ̀ bàbá, á pè mí lórí fóònù á ní, "Wọ́n ti rí i o. Wọ́n ní kí o ṣeun. Wọ́n ní ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Ọjọ́ Àìkú kan tí mo kúkú lọ, lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá nu ọwọ́ rẹ̀, ó kọjú sápá ibi tí mo wà, kò bọ́ sí ibi tí mo wà gan-an, ó sọ pé, "Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi mú ẹja pupa kan sí i, kí ojú yìí tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi."

Ẹ̀gbọ́n mi fi àwo sílẹ̀. "Bàbá, àtẹ̀gùn iwájú ilé yìí gan-an ẹ ò rí i mọ́, ẹ wá fẹ́ lọ sétí omi?"

"Ṣé omi ló máa wá bá mi nílé ni?"

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá kò rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́. Mo ní, "Bàbá, èmi ni yóò mú yín lọ."

Bí mo ṣe padà sí Àkúrẹ́ ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà lérí bí iṣẹ́ tí oníbàárà fún mi. Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta irinṣẹ́ ìpẹja nítòsí Ọjà Ọba. Ó gbé ọ̀pá dúdú kan jáde fún mi, èyí tí a lè fà gùn tí a sì lè tì padà sínú ara rẹ̀, ó ní kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń ká okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń dán bí ọkọ̀ tuntun. Ó ní, "Bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá ju eléyìí sómi, ẹja fúnra ẹ̀ á kí yín kú iṣẹ́." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan ohun tí yóò bá a lọ. Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn, nítorí pé ẹja kan ṣoṣo tí mo mọ̀ bí wọ́n ṣe ń mú ni ẹja inú odò kékeré tó gba ẹ̀yìn oko wa lọ́nà Bọ́lọ́rundúró, níbi tí a ti máa ń mú epìyà. Epìyà lójú, bí okùn bá nípọn, kò ní sún mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ kéré, ekòló ló sì fẹ́ràn. Nítorí náà okùn tó fẹ́lẹ́ ni mo rà, tó fẹ́lẹ́ débi pé n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ìwọ̀ wínníwínní. Ní ìdájí ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ sílé, mo gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀ ilé tí mo ń gbé, mo kó ekòló kún agolo mílíìkì, mo bu iyẹ̀pẹ̀ tútù lé e. Inú mi dùn sí ara mi. Ará òkè tí kò tíì rí omi iyọ̀ rí nìkan ló lè gbé ekòló láti Àkúrẹ́ lọ fún ẹja òkun.

Nígbà tí mo dé Oǹdó, mo gbé ọ̀pá náà lé bàbá lọ́wọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ láti ìdí dé òkè, ó yí kẹ̀kẹ́ náà díẹ̀, ó fi ìka méjì pa okùn náà wò. Ó pẹ́ díẹ̀ lórí okùn yẹn. Ó ní, "Ó dán." Ó dá a padà fún mi. Okùn tirẹ̀ ti àtijọ́ wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tó máa ń wà, tí a ká mọ́ pákó pẹlẹbẹ kan tí ọwọ́ ti jẹ títí ó fi dà bí egungun. Mo rí i. Mo tiẹ̀ rò ó pé ìtìjú ni yóò jẹ́ bí a bá gbé nǹkan báyìí lọ síta. Mi ò bi bàbá ní ìbéèrè kankan.

A gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ló yá mi ní mọ́tò. A gba Òrè, a gba Òkìtìpupa, bàbá ń fi etí sọ ibi tí a dé fún mi. Bí táyà bá ti dún lọ́nà kan, á ní, "Afárá nìyẹn." Bó bá gbóòórùn gaàrí, á ní, "A ti ń kúrò ní ìlú." Ní Ìgbókòdá a wọ ọkọ̀ ojú omi, ọlọ́kọ̀ náà, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń jẹ orógbó, sì bá wa ṣe àdéhùn pé òun yóò dúró dè wá, ṣùgbọ́n pé bí omi bá ti ń fà, a gbọ́dọ̀ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á jókòó sórí ẹrẹ̀.

Nígbà tí a dé abúlé náà, pákó èbúté rẹ̀ ṣì wà. Wọ́n ti pààrọ̀ òmíràn nínú rẹ̀, òmíràn sì ti lọ tí àyè rẹ̀ ṣófo, tí èèyàn ń rí omi láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Òórùn èéfín ẹja, ẹrẹ̀ àti epo bẹntiróòlù pa pọ̀ lójú kan. Ìkarahun ti lẹ̀ mọ́ gbogbo òpó abẹ́ rẹ̀, ẹnu wọn mú bí abẹ. Obìnrin kan tó ń yan ẹja ní ìbẹ̀rẹ̀ pákó náà wò wá, ó wo ọ̀pá mi, ó wo agolo mi.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará òkè. Kí ló wà nínú agolo yẹn?"

"Ekòló ni, mà."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ekòló! Ẹ gbà mí o, adìyẹ ni wọ́n wá mú!"

Ọlọ́kọ̀ wa náà gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ẹja tibí ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ ekòló, ìyá. Á rò pé okùn bàtà ni."

Ojú tì mí. Bàbá ni ó rẹ́rìn-ín jù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ́ mi mú. Obìnrin náà bu edé tó ṣì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún sínú ike kan, ó gbé e fún wa. "Ẹ gbà, kí ẹja má fi yín ṣẹ̀sín." Bàbá ní kí omi wọn má gbẹ láé, obìnrin náà sì ṣe àmín.

Mo mú bàbá jókòó sí ìparí pákó, mo fi ọ̀pá náà sí i lọ́wọ́, mo ju okùn jìnnà réré sójú omi gbangba, bí mo ṣe rí i nínú fóònù. Ní báyìí, ọ̀pá báyìí, ojú ni wọ́n fi ń lò ó. Orí rẹ̀ ló ń mì bí ẹja bá fọwọ́ kan ìjẹ. Èèyàn gbọ́dọ̀ máa wo orí ọ̀pá. Bàbá mi kò lè rí orí ọ̀pá.

"Ṣé ó ń mì?" Bàbá ló ń bi mí.

"Rárá, Bàbá."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀: "Báyìí ńkọ́?"

"Kò tíì mì, Bàbá." Nígbà tó bá wá mì, màá pariwo, "Ó ti mì! Ẹ fà á!" Kí ohùn mi tó dé etí rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ tó dìde, ẹja ti jẹ edé lọ. A ṣe é bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi gun orí wa. Mo ń wo ojú bàbá tó ń rẹlẹ̀. Kò bínú, ó kàn ń dà bí ẹni tí wọ́n gbé wá síbi ayẹyẹ kan tí wọn kò sì jẹ́ kó wọlé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá náà tẹ̀ kọrọdọ lójijì, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ figbe ta, bàbá dìde dúró, mo ń kígbe, ọlọ́kọ̀ ń kígbe, okùn náà sì sáré wọ abẹ́ pákó lápá ọ̀tún wa, ó fi ara gbá ìkarahun ara òpó. Ó dún tọ́. Ọ̀pá náà nà gbọọrọ. Ó parí.

Bàbá gbé ọ̀pá náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ. Ó wá ti ọwọ́ bọ àpò bùbá rẹ̀, ó fa nǹkan tí a fi ọ̀rá dúdú wé jáde. Ó tú u. Pákó pẹlẹbẹ yẹn ni, pẹ̀lú okùn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ mú un wá láti ilé?"

"Mo mú un wá."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ láti àárọ̀?"

Ó ń wá ẹnu okùn náà pẹ̀lú èékánná. "Ìwọ lo ra tìẹ. Mo ní kí a lò ó ná."

Mi ò mọ ibi tí ojú mi wọ̀.

Ó ní kí n jókòó. Okùn tirẹ̀ nípọn, ó ní ẹja pupa kì í ṣe ẹja olójú kínníkínní bíi epìyà, pé èrò tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kó gbé oúnjẹ kó sì sá wọ ìdí òpó, ohun tó sì lè fara da ìkarahun ni èèyàn ń wá. Ìwọ̀ rẹ̀ tóbi bí ìka ọmọdé tó ká kò. Òjé tó ń mú un rì ní ihò láàárín, okùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹja lè máa fa okùn láìmọ ìwúwo. Ó mú edé kan láàyè, ó fi ìwọ̀ gba ìdí rẹ̀, kò gba orí, kí edé náà lè máa jà nínú omi. Kò sì jù ú jìnnà rárá. Ó ní kí n mú òun lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó jọ̀wọ́ okùn náà wẹ́rẹ́ sísàlẹ̀.

Mo ní, "Ibí yìí gan-an ló ti já mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ilé ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí onílé, ẹnu ọ̀nà ló ń lọ. Kó sáà má jẹ́ kí onílé wọlé padà ni."

Ó gbé okùn náà lé ìka ìtọ́ka rẹ̀, ó sì di ojú.

"Bàbá, ṣé oorun ni?"

"Dákẹ́. Mò ń wò ó."

Omi ti ń fà. Ọlọ́kọ̀ ti dìde, ó ń wo ẹsẹ̀ òpó níbi tí omi ti ń sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Bàbá, ó kù díẹ̀ o." Mo mọ ohun tí "ó kù díẹ̀" túmọ̀ sí. Ojú bàbá kò ní dúró dè wá di ọdún tó ń bọ̀. Bí a bá kúrò lórí pákó yẹn lọ́wọ́ òfo, a ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Mo ń gbàdúrà láìla ẹnu.

Mo rí ìka bàbá tó gbọ̀n. Mo ní, "Ẹ fà á!"

Kò fà á. "Ó ń tọ́ ọ wò ni. Jẹ́ ó tọ́ ọ wò." Ìka náà tún gbọ̀n. Ó tún jọ̀wọ́ okùn díẹ̀ fún un. Ẹ̀rù ń bà mí bí ẹni tí wọ́n ń dájọ́ fún. Lẹ́yìn náà ni okùn náà kò gbọ̀n mọ́, ó ń lọ, ó ń lọ tààrà bí ẹni tó ti gba nǹkan rẹ̀ tó ń lọ sílé, bàbá sì gbé apá rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìjà wá dé. Okùn náà ń gé ọwọ́ rẹ̀, mo rí ẹ̀jẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wá pákó tí kò sí níbẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì sì ti nà láti gba okùn náà.

"Fi sílẹ̀!"

N kò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti wa ọkọ̀ kẹ́yìn. Mo fi sílẹ̀. N kò mọ ohun tí màá fi ọwọ́ mi ṣe, mo bá di bùbá rẹ̀ mú lẹ́yìn, mo fi ẹsẹ̀ ti òpó, mo sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó ń fà, ó ń sinmi, ó ń fà, ó ń bá ẹja náà sọ̀rọ̀ ní èdè Oǹdó kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń bá ọmọ olóríkunkun sọ. Nígbà tí ẹja náà yọ lórí omi, obìnrin ẹlẹ́ja fi iná rẹ̀ sílẹ̀ ó sáré wá, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ará òkè mọ̀ ọ́n!" Ẹja náà balẹ̀ sórí pákó, ó ń fi ìrù lù ú gbì, gbì.

Bàbá kúnlẹ̀ tì í. Ó fọwọ́ pa á láti orí dé ìrù, ó ṣọ́ra fún ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀, ó tọ́ eyín iwájú rẹ̀ tó mú. Ó wá gbójú sókè sí mi.

"Ṣé ó pupa?"

Mo ti gbàgbé pé kò lè rí i. "Ó pupa, Bàbá."

"Pupa bí kí ni?"

Mo ronú. Mo fẹ́ sọ ohun tó ti rí rí. "Bí ilẹ̀ ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró, nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá."

Ó mi orí, ó tún mi orí. "Nígbà náà, òun ni."

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ní Oǹdó, ẹ̀gbọ́n mi se ẹja náà lọ́bẹ̀ ata tó ń ta lọ́nà ọ̀fun. Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, orí ẹja, ti baálé ni. Ẹ̀gbọ́n mi bù ú síwájú bàbá. Bàbá fọwọ́ wá àwo mi, ó rí i, ó gbé orí náà sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ̀n? Bàbá, ta ló pa ẹja?" Bàbá ní, "Èmi ni mo pa á. Òun ló dì mí mú."

Ojú náà ti lọ báyìí. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó fi lọ pátápátá. Ọ̀pá dúdú náà wà lókè àjà ṣọ́ọ̀bù wa, eruku ti bò ó, mi ò tà á, mi ò sì tún lò ó mọ́. Mo máa ń lọ sí Oǹdó ní ọjọ́ Sátidé báyìí, mi ò fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí bàbá bá fẹ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá sáré gbá a ní ìgbọ̀nwọ́ mú, màá máa fà á, ara rẹ̀ á sì le gbagidi lọ́wọ́ mi bíi pákó. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni. Ó di ọjọ́ kan tí mo ń jó ẹnu okùn ní ṣọ́ọ̀bù, tí òórùn náà ta sí mi nímú, kí ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ lórí pákó tó yé mi: "Jẹ́ ó tọ́ ọ wò."

Báyìí, bó bá dìde, màá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá na apá mi, mi ò ní sọ̀rọ̀. Ìka rẹ̀ á kọ́kọ́ kàn mí, á kúrò. Màá dúró. Á tún kàn mí. Mi ò ní mira. Lẹ́yìn náà ni yóò di apá mi mú fúnra rẹ̀, tí a ó sì jọ máa lọ.